Lẹ́kkí Inú Fíìmù àti Lẹ́kkí Orí Ilẹ̀

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá báyìí tí àwọn tí ń ṣe fíìmù ní Nàìjíríà ti sọ orúkọ Lẹ́kkí di àmì ọrọ̀. Bí ẹ̀dá ìtàn kan bá là lójijì, Lẹ́kkí ni yóò kó lọ. Bí ọmọ tálákà bá fẹ́ purọ́ fún ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Lẹ́kkí ni yóò sọ pé ilé àwọn wà. Ohun tí òǹwòran sì ń rí níbẹ̀ kò pọ̀. Yóò rí afárá tí a fi okùn irin gbé ró, èyí tí ó so Lẹ́kkí mọ́ Ìkòyí láti ọdún 2013. Yóò rí ilé alájà méjì tí a fi ọ̀dà funfun kùn, àti ọkọ̀ dúdú gàgàrà kan níwájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ilé náà. Bí Yorùbá bá dún níbẹ̀, a jẹ́ pé láti ẹnu géètì ni ó ti wá, tàbí láti ilé ìdáná.

Lẹ́kkí orí ilẹ̀ gùn ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá kọjá Ajah, tí ó la Sángótẹ̀dó àti Awóyaya já, tí ó sì tẹ̀ síwájú nínú ilẹ̀ Ìbẹ̀jú, yóò dé Free Zone tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé-iṣẹ́ ará Ṣáínà jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ibẹ̀ ni èbúté ńlá tí a ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023 wà. Ibẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote wà, tí a ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, tí a sì kọ́ kí ó lè máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Lẹ́bàá gbogbo irin àti páìpù wọ̀nyí, àwọn apẹja ṣì ń tún àwọ̀n wọn ṣe, igi àgbọn ṣì wà létí òkun, àwọn obìnrin ṣì ń yan ẹja. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ àjàgbé tí ó sùn mọ́jú nítorí ẹrù, àti ọmọ onílẹ̀ tí ó kàwé tán tí ó ń gbé ìwé ẹ̀rí kiri ẹnu géètì. Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn fi ń rò ó, òun náà ni wọ́n fi ń jà. Àní ìlú Lẹ́kkí gan-an, èyí tí gbogbo àgbègbè náà ti yá orúkọ lò, kò sí nítòsí afárá olókùn irin rárá. Ìhà ọ̀hún lọ́nà jíjìn ni ó wà. Ìtàn sì wà ní etí òkun náà fún ẹni tí ó bá ń wá ìtàn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó sí, ìhà yìí ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti ń bá àwọn òyìnbó ṣòwò, títí ó fi padà sí Èkó ní 1862.

Ẹni tí ó ń yan òṣèré fún fíìmù kì í yan ojú nìkan, ó ń yan ohùn pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá sì fi etí sílẹ̀ sí àwọn fíìmù tí òkìkí wọn kàn jù láti ọdún 2016 wá, yóò ṣàkíyèsí pé àga mẹ́ta péré ni a tò sílẹ̀ fún èdè Yorùbá. Ọba àti jagunjagun ayé àtijọ́ jókòó sórí ọ̀kan. Ọmọ ìta jókòó sórí èkejì. Aláwàdà ni ó ni ẹ̀kẹta. Ẹni tí kì í ṣe ọba, tí kì í ṣe ìpáǹle, tí kò sì wá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí ó ń fi Yorùbá gbé ayé òde-òní rẹ̀, ìdúró ni ó wà.

The Wedding Party, tí Kemi Adetiba darí, ni ó la ọ̀nà sílẹ̀. Ó dé ilé sinimá ní oṣù kejìlá ọdún 2016, owó tí ó sì pa lé ní 400 mílíọ̀nù náírà, irú èyí tí fíìmù Nàìjíríà kan kò pa rí nígbà náà. Ìtàn ìgbéyàwó láàrin ìdílé Coker, tí í ṣe Yorùbá, àti ìdílé Onwuka, tí í ṣe Ìgbò, ni. Bí a ti pín ipa inú rẹ̀ lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín díẹ̀. Banky W, tí Olúbánkọ́lé Wellington ń jẹ́ gan-an, tí í sì í ṣe ọmọ Yorùbá, ni ọkọ ìyàwó ará Ìgbò; Ireti Doyle, ọmọ Yorùbá bákan náà, ni a fi ṣe ìyá ọkọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí, nítorí òṣèré tí kò lè di ẹlòmíràn kò tíì di òṣèré. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ó ṣeé ṣe wẹ́rẹ́: ìdílé méjèèjì jọ ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n ń sọ, aṣọ àti fìlà ni ó yà wọ́n. Ẹnìkan ṣoṣo tí Yorùbá wà lẹ́nu rẹ̀ bí ohun alààyè ni ìyá ìyàwó, Tinúadé, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe. Òun sì ni àwọn òǹwòran ń rántí jù. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni Yorùbá rẹ̀ ń jáde? Nígbà tí orí rẹ̀ bá gbóná ni, tàbí nígbà tí ìdùnnú bá gbé e lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ ìrònú, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò padà sí.

A Tribe Called Judah, tí Funke Akindele àti Adeoluwa Owu darí, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ṣe ètò tirẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n ọjà tí ó hàn gbangba. Ìyá kan bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún, orúkọ wọn sì ni Emeka, Adamu, Pere, Ṣínà àti Ejiro. Fún púpọ̀ nínú wọn, a wá òṣèré tí ó ti inú ẹ̀yà náà wá. Bí ìgbà tí a bá ń ka ènìyàn orílẹ̀-èdè ni: ilé kọ̀ọ̀kan ní ọmọ níbẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan sì san owó ìwọlé. Fíìmù yìí ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa owó kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní ilé sinimá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti pín ẹ̀yà sí ara wọn tó, orúkọ àti ohùn ni ẹ̀yà náà dúró sí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ márùn-ún náà tí ó rí ayé ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ nítorí èdè ilé bàbá rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù wà nínú Omo Ghetto: The Saga, ọdún 2020. Ìbejì ni ó wà nínú ìtàn náà, Akindele fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe àwọn méjèèjì. Lefty dàgbà sí àdúgbò àwọn òtòṣì, Àyọ̀mídé dàgbà sí ọ̀dọ̀ olówó. Ojú kan náà ni, ara kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Kí wá ni òǹwòran fi ń dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì kí ó tó wo aṣọ wọn? Èdè ni. Yorùbá àti pijin ojú pópó wà lẹ́nu Lefty. Gẹ̀ẹ́sì tí a fọ̀ mọ́ wà lẹ́nu Àyọ̀mídé. Kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé. Òye òǹwòran ti gbà tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, àti pé bí owó bá wọ ilé, Yorùbá yóò gba ojú fèrèsé jáde.

Ó ṣòro láti rí òṣèré mìíràn lónìí tí ó mọ òǹwòran rẹ̀ tó Funke Akindele. Ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò dún, ó mọ ìgbà tí ojú nìkan tó. Nítorí náà, ìrìn-àjò tí Jenifa rìn láti ọdún 2008 títí di 2024 yẹ fún àyẹ̀wò ju kí a kàn sọ pé ó dùn lọ. Nínú Jenifa ti 2008, Suliat ti abúlé Ayétòrò wọ Yunifásítì Èkó, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Jenifa. Orí àwo, nínú ilé, ni àwọn ènìyàn ti wò ó: ìyá ọlọ́jà, aránṣọ, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ̀rín tí wọ́n sì ń rín sí Gẹ̀ẹ́sì Jenifa kì í ṣe ẹ̀rín sí ará oko. Ẹ̀rín sí ẹni tí ó ju orúkọ tirẹ̀ nù nítorí àtidi ọ̀làjú ni. Egungun wà nínú ẹran náà, nítorí ìtàn náà kò parí sí ẹ̀rín. Àrùn àti àbámọ̀ ni ó dé bá Suliat.

Everybody Loves Jenifa jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, owó rẹ̀ sì kọjá bílíọ̀nù kan àti 800 mílíọ̀nù náírà. Jenifa ti di olówó, ó ti di olùrànlọ́wọ́ àwọn aláìní. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì tọ́, kò sì ní tọ́ mọ́, nítorí òun gan-an ni ọjà tí à ń tà. Ibi tí ìyípadà wà ni abẹ́ ọ̀rọ̀. Ní 2008, fíìmù Yorùbá ni, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀. Ní 2024, fíìmù Gẹ̀ẹ́sì ni, Yorùbá ni a fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ọmọ tí a tọ́ ní Lẹ́kkí tàbí ní Ajah láìgbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì ní pàdánù ohun púpọ̀, nítorí kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń rẹ́rìn-ín sí bí kò ṣe ìró rẹ̀. Ìró náà sì ni ìró ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà.

Ó tọ́ kí a sọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Jenifa kì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn tí ó ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ ni ìtìjú sábà máa ń bá, ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò kàwé púpọ̀ sì rí ara wọn nínú ìgboyà rẹ̀. Bí kò bá sí i, Yorùbá ìbá má tilẹ̀ ní àga kankan ní ilé sinimá ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n àga aláwàdà náà ni, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ti jókòó sórí rẹ̀ jù.

Àga ọba àti jagunjagun gbòòrò, ó sì lọ́lá. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde ní 2022, Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ ní 2023, House of Ga'a ti Bọ́láńlé Austen-Peters ní 2024. Netflix sì gbé gbogbo wọn dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn òṣèré alárìnjò kò dé rí. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ń ka ìtumọ̀ lábẹ́ àwòrán. Ìdúpẹ́ tọ́ sí wọn. Àbùkù wọn ni pé ẹ̀dá inú wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ọ̀kan a fẹ́ béèrè omi, yóò pa òwe mẹ́ta; èkejì a fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀, yóò ki oríkì. A fi èdè náà ṣe ọ̀ṣọ́ bí ilẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba, nígbà tí àwọn baba ńlá wa, ó dájú, náà ní ọjọ́ tí wọ́n kàn sọ pé ebi ń pa àwọn.

Ẹlẹ́ṣin Ọba yàtọ̀ sí èyí. Biyi Bandele, ẹni tí ó darí rẹ̀, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ní oṣù kẹsàn-án sì ni a kọ́kọ́ fi fíìmù náà han gbogbo ènìyàn ní Toronto. Gẹ̀ẹ́sì ni Wọlé Ṣóyínká kọ eré náà, èyí tí ó jáde ní 1975; Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ó pè é ní Ikú Olókùn Ẹṣin. Bandele fi Yorùbá sí ẹnu àwọn Yorùbá, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún ilé ajẹ́lẹ̀ àti fún àwọn tí ó bá fẹ́ bá ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù ni pé Ọdúnladé Adékọ́lá ni ó yàn fún ipa Ẹlẹ́ṣin. Àwàdà ni a fi mọ Adékọ́lá, àwọn ènìyàn a sì máa fi àwòrán ojú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò ru ikú ọba?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀dá ìtàn náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn ayé jù ni Ẹlẹ́ṣin. Ó fẹ́ràn oúnjẹ, ó fẹ́ràn aṣọ, ó fẹ́ràn obìnrin débi pé ó gbé ìyàwó ní ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè mú wa rẹ́rìn-ín kò lè mú wa gbà pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà. Nínú ọjà, láàrin àwọn obìnrin, Adékọ́lá tàn bí oòrùn, òǹwòran sì ń bá a rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi há a lọ́fun nígbà tí ó hàn pé ọkùnrin yìí kò ní lè lọ. Ní apá kejì, agbára rẹ̀ dínkù: nígbà tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì ń wá ibi tí àwọn ènìyàn yóò ti pàtẹ́wọ́. Shaffy Bello, tí ó ṣe Ìyálọ́jà, ni ó gbé ìwúwo náà ró níbẹ̀. Síbẹ̀, yíyàn náà tọ́ ju àìtọ́ lọ, ó sì fi hàn pé aláwàdà lè dìde kúrò lórí àga rẹ̀ bí ẹnìkan bá pè é.

Àwọn ará òkè òkun náà kò sàn jù wá. Nínú The Woman King tí Gina Prince-Bythewood darí ní 2022, John Boyega, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí wọ́n bí i sí Lọ́ńdọ̀nù, ni a fi jẹ Ọba Ghezo ti Dahomey, tí ó ń bá Ọ̀yọ́ jà. Ghezo yìí kan náà ni ó rán ogun sí Abẹ́òkúta ní 1851. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ fi ń bá ara wọn jà. Black Panther ti 2018 mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó fi èdè Xhosa ti Gúúsù Áfíríkà sí ẹnu ọba ilẹ̀ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fò láìní ìyẹ́, ayé sì san owó wò ó.

Ní ti àga ọmọ ìta, kò yẹ kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Gangs of Lagos, tí Jade Osiberu darí ní 2023, bí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó nínú, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fi ẹ̀hónú hàn nítorí bí ó ti lo Ẹ̀yọ̀. Ìbínú náà tọ́. Ṣùgbọ́n ohùn Yorùbá tí ó dán mọ́rán wà nínú fíìmù náà, ọwọ́ apànìyàn ni a kó o lé.

Àwọn tí ó ń fi owó lélẹ̀ yóò sọ pé bí òǹwòran ti fẹ́ ẹ nìyẹn. Pé ẹni tí ó san owó ní ilé sinimá IMAX tí Filmhouse ṣí ní Lẹ́kkí ní 2016 kò wá gbọ́ ìṣòro apẹja. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí owó tí kò bá padà wálé kì í ṣe fíìmù mìíràn. Ṣùgbọ́n Hubert Ògúndé kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọdún 1945 gan-an tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ ni ó ṣe eré Strike and Hunger, Yorùbá Ronú tí ó sì ṣe ní 1964 mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni, owó sì ni àwọn ènìyàn san. Kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú ti Ìṣọ̀lá di fíìmù ní 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń fẹ́ra, òun ni wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ará oko. Àwọn obìnrin tún padà sí ìró kúkurú àti bùbá, àwọn aránṣọ sì fi orúkọ fíìmù náà pe àrán aṣọ ọ̀hún. Bí fíìmù kan bá lè yí aṣọ ọrùn ènìyàn padà, ó ṣòro láti gbà pé èdè inú rẹ̀ lé òǹwòran sá.

Fíìmù kan wà tí ó ti fi ènìyàn jókòó sórí àga kẹrin náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Ègùn ni ó gbilẹ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe Yorùbá. The Legend of the Vagabond Queen of Lagos ni orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Àgbájọwọ́ ni ó ṣe é, a sì kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Jawu, ìyá ọmọ kan ní ìletò orí omi, rí owó olóṣèlú tí a fi pamọ́. Olóṣèlú yìí sì ni ó fẹ́ wó ìletò náà. Temi Ami-Williams ni ó ṣe Jawu. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó yí i ká jẹ́ ará ìletò orí omi ní tòótọ́, àwọn kan nínú àwọn tí ó darí rẹ̀ pẹ̀lú sì ti inú irú ìletò bẹ́ẹ̀ wá. Ó hàn lára wọn. Ọwọ́ tí ó ń tukọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, ẹni tí ó ń bínú kò sì dúró kí ẹ̀rọ ayàwòrán yí sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó bínú. Àwọn ibì kan wà tí ìtàn náà fẹ́ já, tí iṣẹ́ ìyanu inú rẹ̀ sì yára ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn tí ó ṣe The Wedding Party mọ bí a ti ń so ìtàn pọ̀ jù wọ́n lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀dá kan níbẹ̀ tí èdè rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀tọ́dò Gbàmẹ̀ ni ìletò tí ìtàn náà gbára lé jù. Inú Lẹ́kkí gan-an ni ó wà, lẹ́bàá ọ̀sà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wó o, ní oṣù kẹrin ọdún 2017 ni a lé àwọn tí ó ṣẹ́kù lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé náà kò bá òfin mu. Láàrin ìwólulẹ̀ kìíní àti ìkẹyìn ni The Wedding Party dé ilé sinimá, tí èrò sì tò sí ẹnu ọ̀nà ní Lẹ́kkí láti lọ wò ó.